Mo Gbàgbé Ìtàn Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ ìtàn kéékèèké. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ka ọ̀kan sí mi létí. Mo ní, "Ta ló kọ eléyìí? Ó mọ̀ ọ́n kọ." Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ni." Àyà mi já. Ṣé arán ti ń ṣe mí ni? — Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Bàbá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ká ní ọ̀nà ilé tàbí orúkọ ọmọ lẹ ń gbàgbé ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ tètè lọ rí dókítà. Ìtàn ogún ọdún sẹ́yìn kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, mo tú àpótí mi, mo rí ìwé àjákọ kan tí mo lò lọ́dún 1994. Mo ka ojú ìwé mẹ́ta, kò yé mi pé èmi ni mo kọ ọ́, àfìgbà tí mo dé ibi gbólóhùn kan tí mo fi báírò pupa fagi lé. Ìyẹn ni mo rántí kedere: iná ti lọ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá ìró òjò lórí páànù mu. Mo wá a tì. Àwọn èyí tó bọ́ sí i wẹ́rẹ́ ni kò sí lórí mi mọ́.

Lọ́dún 1978, Norman Slamecka àti Peter Graf ṣe ìwádìí tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ téèyàn fúnra rẹ̀ wá jáde látinú orí máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju èyí tó kàn kà lọ. Àmọ́ ẹni tó bá kọ nǹkan sílẹ̀ ti gbé e lé ìwé lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ wo Aleksandr Solzhenitsyn, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, nígbà tó wà lágọ̀ọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Kazakhstan. Á kọ ewì díẹ̀ sórí àjákù ìwé. Bó bá ti há a sórí, á dáná sun ún. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ará Lithuania fi búrẹ́dì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún un, ìyẹn ló fi ń ka ìlà. Lóṣooṣù ló ń ké gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ló gbé sórí jáde lọ́dún 1953. Kò ríbi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ni. Ẹ̀yin ríbi sọ ọ́.

Ìyìn tẹ́ ẹ yin ìtàn yín láìmọ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an, torí kò sí ojúsàájú nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ka ìyókù fún yín. Níbi tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọsẹ̀, ẹ sàmì sí i. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́, ojú yín ò lè rí ibẹ̀.