Èsì: Ìdí tí ìpàdé yín fi ṣófo ní Utqiaġvik, ìlú etí òkun ní Alaska

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ mú ni kò dáa. Ẹ ní ẹ pe àwọn Iñupiat, ọmọ ìbílẹ̀ àríwá Alaska, sí ìpàdé láàárín oṣù karùn-ún, ẹni mẹ́ta péré ló wá, wọn ò sì la ẹnu. Lóṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, orí yìnyín òkun ni wọ́n wà, tí wọ́n ń ṣọ́ àbùùbùtán. Ta ló máa fi ìyẹn sílẹ̀ wá jókòó sórí àga ọ́fíìsì?

Ohun tí mo máa ṣe nìyí:

1. Ẹ bi àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ọdẹ kí ẹ tó mú ọjọ́ míì.
2. Lóṣù kẹfà, ẹ lọ síbi ayẹyẹ Nalukataq, níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran àbùùbùtán fún gbogbo ìlú. Ẹ bá wọn gbé àwo. Ẹ fi fọ́ọ̀mù sílé o!
3. Nípàdé, àgbà ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tó bá dákẹ́ díẹ̀, ẹ má já a gbà.

Ẹ máa wojú wọn pẹ̀lú. Ẹni tó gbé ìpéǹpéjú sókè ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó fún imú pọ̀, rárá ló sọ. Bóyá àwọn mẹ́ta yẹn tiẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Etí òkun ni ọ̀rọ̀ ọdẹ àbùùbùtán yìí wà fún o. Ní Anaktuvuk Pass, ìlú Iñupiat míì láàárín òkè, caribou (irú àgbọ̀nrín kan) ni wọ́n ń dọdẹ, ìgbà tiwọn yàtọ̀.

Ẹ má sì sọ fún wọn pé “ìjọba fẹ́ gbọ́ tiyín”. Àwọn fúnra wọn ló dá North Slope Borough, ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè wọn, sílẹ̀ lọ́dún 1972, tí Eben Hopson sì jẹ́ olórí àkọ́kọ́.