Búlọ́ọ̀kù tó sán: ẹ má tíì jó o

Ẹ̀gbọ́n wa tí mẹkáníìkì wọn ní búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì ti sán, tí wọ́n ń béèrè bóyá kí àwọn gbé e fún jórinjórin kó jó o pọ̀ ni tàbí kí àwọn ra tòkunbọ̀: ibo ló ti sán gan-an? Èmi ò béèrè ìyẹn nígbà tèmi, àpò mi ló jìyà ẹ̀.

Camry 1996 oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ni tèmi. Mò ń ti Gbọ̀ngán bọ̀ wá sí Òṣogbo, ó hó mọ́ mi lọ́wọ́ ní Àkódà. Dípò kí n jẹ́ kó tutù, mo fi àkísà ṣí rédíétọ̀, mo da píọ̀ wọ́tà mẹ́rin tó tutù nini sí i. Mo gbọ́ "kọ́!" Ó parí.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù irin dí i. Kò lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Jórinjórin tí mo gbé e lọ bá lẹ́yìn ìyẹn jó o bí ẹni ń jó géètì. Bó ṣe ń tutù ló tún ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó. Irin káàsì, irin dídà tí wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù mi, kì í gba gbígbóná àti títutù òjijì. Ohun tí omi mi fi ṣe é náà nìyẹn.

Bàbá kan lẹ́yìn Old Garage ló yọ mí. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n fi kẹrosíìnì pa ojú ibẹ̀, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n da ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì lé e. Kò pẹ́ tí kẹrosíìnì fi ń sun padà sínú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà tín-ín-rín bí irun. Wọ́n lu ihò kékeré sí orí àti ìdí ìlà náà, kó má baà sá lọ síwájú. Wọ́n yan odidi búlọ́ọ̀kù lórí èédú, wọ́n ń fi ọ̀pá níkẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá ìjórin tí wọ́n fi ń jó irin káàsì, jó o díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi òòlù rọra kàn án, wọ́n wá rì í sínú eérú gbígbẹ. Mo ní ṣé kí n dúró dè é. "Máa lọ sílé, ọ̀la ni." Ọdún kejì rèé, kò tíì jò.

Ṣùgbọ́n ara ògiri ibi tí omi rédíétọ̀ ń gbà kọjá, lóde, ni tèmi ti sán. Tó bá jẹ́ ibi tí kíráǹkì (irin gbọọrọ tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) jókòó lé, tàbí kọ́nródù (apá irin tó so písítìnnì mọ́ kíráǹkì) ló lu búlọ́ọ̀kù jáde, ẹ má náwó ẹ̀, ẹ wá tòkunbọ̀. Tí ọ́ìlì bá funfun bíi tíì onímílíìkì, ẹ kọ́kọ́ yẹ gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti orí ẹ́ńjìnnì wò, ó lè máà jẹ́ búlọ́ọ̀kù rárá. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án náà: bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, bíi ti Corolla 2005, alumíníọ́ọ̀mù ni, ọ̀pá níkẹ́ẹ̀lì ò kan ibẹ̀.

Tó bá sì di tòkunbọ̀, ẹ mú kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì dání lọ. Ẹni tó ń tà á yóò fajú ro. Ẹ jẹ́ kó fà á.