Ẹnu ṣíìpù BIOS mi ò kò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. BIOS láptọ́ọ̀pù mi, ìyẹn ètò inú ṣíìpù kékeré kan tó ń jí ẹ̀rọ, ni mo ń sọ di tuntun tí bátìrì fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Látìgbà náà, bí mo bá tàn án, fáànù á yí, iná kékeré á tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo ra CH341A (ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣíìpù, tó sì ń kọ nǹkan sí i) àti kílípù tó ń gbá ẹsẹ̀ ṣíìpù mú, mo fi flashrom, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, ka ṣíìpù náà lẹ́ẹ̀mẹta, fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bára mu. Ṣé kí n kàn kọ BIOS tuntun lé e lórí?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì kọ nǹkan kan. Bí flashrom bá ṣì ń dá ṣíìpù náà mọ̀, ó ṣeé ṣe kó má tíì kú.

Kílípù ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ṣíìpù náà ní. Bí kílípù ò bá gbá ọ̀kan mú dáadáa, ohun tó o kà á máa yí padà. Fi sípíríìtì nu ẹsẹ̀ náà, kó o tún kílípù fi. Wáyà pupa ló ń lọ síbi àmì róbótó orí ṣíìpù.

Ṣé o yọ bátìrì? Kì í ṣe pé o pa láptọ́ọ̀pù o! Mo ní ṣé o fà á kúrò lára bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ṣájà àti bátìrì pẹlẹbẹ tó ń tọ́jú aago. Bí bọ́ọ̀dù bá jí, òun náà á máa bá ṣíìpù sọ̀rọ̀ nígbà tí ìwọ ń bá a sọ̀rọ̀.

Wo nọ́ńbà orí ṣíìpù náà. W25Q64FV ń lo fóltì 3.3, W25Q64FW sì ń lo 1.8. Lẹ́tà kan péré! Ti 1.8 gbọ́dọ̀ ní àdápítọ̀ tirẹ̀. Àwọn CH341A dúdú kan sì wà tó ń rán fóltì 5 gba ojú wáyà dátà. Fi mítà wọ̀n ọ́n.

Èmi náà ti kánjú rí. Mo kọ fáìlì láptọ́ọ̀pù mìíràn sára ti ẹnìkan láì tọ́jú ti tẹ́lẹ̀. Ó tàn lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà ẹ̀rọ ẹlòmíràn ló ń jẹ́, kọ́kọ́rọ́ Windows tó wà nínú rẹ̀ sì ti lọ. Ojú tì mí bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún ẹni tó ni ín.

Nítorí náà, kà á títí fáìlì méjì á fi bára mu. Sha256sum, àṣẹ tó ń fi hàn bóyá fáìlì méjì jọra, ni kó o fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣíìpù 8 MB gbọ́dọ̀ fún ọ ní báìtì 8,388,608 géérégé. Tọ́jú ọ̀kan síbòmíràn. Fáìlì tí àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù gbé síta kì í sábà ṣeé kọ sára ṣíìpù tààrà: yọ apá BIOS inú rẹ̀, gbé e wọ inú ẹ̀dà èyí tó o kà, má sì fọwọ́ kan ibi tí nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ wà.

Nígbà àkọ́kọ́ tó o bá tàn án, ojú rẹ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì lè kú kó tún tàn fúnra rẹ̀. Mẹ́mórì ló ń yẹ̀ wò. Gbé ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnì.