Èsì: Ilé ìwòsàn wo ni kí n yàn l'Ógbòmọ̀ṣọ́?

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí ẹ ó yàn lábẹ́ adójútòfò ìlera (health insurance), àti bóyá ó pọn dandan. Òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀.

Yíyan ilé ìwòsàn gan-an ló gba àròjinlẹ̀. Ẹ má torí orúkọ ńlá yàn án. Èyí tó sún mọ́ ilé, tí ẹ ó ti bá dókítà lóru, ni kí ẹ mú, torí ibẹ̀ lẹ ó ti máa kọ́kọ́ gba ìtọ́jú. Bí àìsàn bá kọjá agbára wọn, àwọn ni yóò kọ lẹ́tà tí ẹ ó mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi LAUTECH tàbí Bowen. Láìsí lẹ́tà yẹn, àpò yín lẹ ó ti sanwó, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Kí ẹ tó sanwó ètò adójútòfò náà, ẹ bi OYSHIA léèrè àwọn àìsàn tí ètò náà kò kó mọ́ra.