Ìbéèrè Yín: Ehoro Tó Lé Napoleon Kúrò Lóko Ọdẹ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ẹnìkan sọ fún wa pé agbo ehoro lé Napoleon, olú-ọba Faransé, kúrò lóko ọdẹ. Ẹran tí ewé á mì lásán tí á ti sá, báwo ló ṣe kọjú ìjà sí i?

Wọn ò kọjú ìjà sí i rárá; oúnjẹ ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Napoleon bá Rọ́ṣíà àti Prussia, ìjọba Jámánì kan nígbà náà, tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà nílùú Tilsit, lóṣù Keje ọdún 1807, Marshal Berthier ṣètò ọdẹ ehoro fún un nítòsí Paris. Ẹ má pe Berthier ní ọ̀dẹ̀ o. Òun ni olórí àwọn tó ń ṣètò ogun Napoleon. Lọ́dún 1805, ètò tirẹ̀ ló gbé nǹkan bíi 200,000 ọmọ ogun láti etíkun Faransé dé odò Danube. Òun náà ló di oyè olórí àwọn ọdẹ ààfin mú. Ibi ẹran rírà ló ti ṣì í ṣe.

Oríṣi méjì ni ehoro lẹ́nu àwọn Faransé. Lapin de garenne ni ti ìgbẹ́, tó ń gbẹ́ ihò gbé. Lapin de clapier ni èyí tí wọ́n ń sìn nínú àgò. Ìran kan náà ni wọ́n, àmọ́ ìwà wọn ò jọra. Ehoro ìgbẹ́ tó bá gbúròó ènìyàn á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì láti ta àwọn yòókù lólobó, á wá máa yà sọ́tùn-ún yà sósì títí á fi kó sí ihò. Ìbẹ̀rù yìí gan-an ni wọ́n fi ń dẹ ẹ́: àwọn onígi á máa lé e bọ̀, àwọn oníbọn á dúró dè é. Ehoro àgò, irú èyí tí Berthier rà, ò mọ ìyẹn. Láti ìgbà tó ti lajú ni ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn ti ń gbé kábéèjì wá bá a. Ikùn rẹ̀ kì í sì í pẹ́ ṣófo. Ó lè jẹun ju ìgbà ọgbọ̀n lọ lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá wò ó: wọ́n gbé e rìnrìn àjò nínú àgò, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un lórí pápá, ó rí ènìyàn tó ń bọ̀. Olú-ọba kọ́ ló rí, ẹni tó ń bọ́ ọ ló rí.

Ni gbogbo wọn bá rọ́ gììrì lọ bá a. Ẹ̀rín làwọn ìjòyè kọ́kọ́ ń rín, àfi ìgbà tí ehoro ń gun bàtà olú-ọba, tí òmíràn ń gun ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n fi igi lé wọn. Àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin na pàṣán. Agbo náà fọ́nká, ó tún pín sí méjì, ó gba ọ̀tún àti òsì yí wọn po dé ìdí kẹ̀kẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ bá Napoleon wọnú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa wà á lọ.

Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Kí ló dé tí wọn ò yìn ín?

Ìbọn ìgbà náà, bíi ṣakabùlà ni. Bó bá jẹ́ olójú kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bó bá jẹ́ olójú méjì, ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á ki bébà lé e, wọ́n á da ọta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á tún ki nǹkan lé e kó má bàa dà síta, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí òkúta ti ń ṣáná. Ehoro ò ní dúró dúró de ìyẹn. Èyí tó sì ti dì mọ́ ẹsẹ̀ olú-ọba, ta ló fẹ́ yìnbọn sí i?

Ṣé òótọ́ ni pé 3,000 ni wọ́n?

Ìwé ìrántí Thiébault, ọ̀gágun Faransé kan nígbà ayé Napoleon, ló gbé ìtàn náà wá. Ó kú lọ́dún 1846, àmọ́ láàárín 1893 sí 1895 ni ìwé náà tó jáde. Nítorí náà, ẹ di ìdí ìtàn mú, ẹ má fi iye búra: àwọn kan ń sọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àwọn kan 3,000. Ti ọjọ́ náà ńkọ́? Napoleon ò padà dé Saint-Cloud, lẹ́bàá Paris, títí di ọjọ́ 27 oṣù Keje. Ẹni tó ń sọ pé ọjọ́ kejì ìwé àdéhùn ni, kò ṣírò ọ̀nà.

Kí ló yẹ kí Berthier ṣe?

Kó rán àwọn ọdẹ lọ síbi tí ihò ehoro wà, kí wọ́n ta àwọ̀n bo ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú wọn láàyè. Bó bá sì jẹ́ ọjà ló ti fẹ́ rà wọ́n, kó dán an wò kí àlejò tó dé: kó ṣí àgò kan ṣoṣo, kí ẹnìkan rọra rìn lọ bá ehoro inú rẹ̀. Bó bá ta gìjà sá, ọdẹ yá. Bó bá ń bọ̀ wá gbóòórùn bàtà rẹ̀, kí wọ́n má ṣí èyí tó kù.