Mílímítà mélòó ló kù? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín nípa ọkọ̀

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọjọ́ yìí ti mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró nídìí káńtà sáfíìsì lọ́dọ̀ díílà kan (ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀, tó sì ń tún un ṣe) ní Amẹ́ríkà, kí n tó kó ẹrù mi wálé sí Ìbàdàn. Mi ò fọwọ́ kan sípánà níbẹ̀ rí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ oníbàárà, kí n kọ ohun tó ní ó ń ṣe ọkọ̀ sílẹ̀, kí n sì pè é lórí fóònù tó bá yá láti sọ iye tí yóò san. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ìdáhùn mi, nítorí inú ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà ni mo ti ń sọ̀rọ̀.

*“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Camry ọdún 2019 ni mò ń wà, ó ti rin 61,000 máìlì. Ọ́ìlì lásán ni mo ní kí díílà bá mi pààrọ̀. Oorun gbé mi lọ lórí àga wọn, ọ̀gbẹ́ni kan ló wá jí mi pẹ̀lú bébà tó ní gíríìnì, yẹ́lò àti pupa. Ó ní gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe, 1,874 dọ́là ni: páàdì àti dísíìkì bíréèkì iwájú, ọ́ìlì jíà, omi radíétọ̀, fífọ ínjẹ́kítọ̀, fílítà méjì. Mo ní kó jẹ́ kí n bá bàbá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tòun ni, òun ò ní gbé ọmọ sínú ọkọ̀ yẹn. Látìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ṣé olè ni wọ́n ni? Mo fi fọ́tò bébà náà ránṣẹ́.” — Ìyá Ìbejì, Houston*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àìsùn. Gbólóhùn “òun ò ní gbé ọmọ sínú ọkọ̀ yẹn”, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n kọ́ èmi náà. Bí oníbàárà bá ti ní òun fẹ́ lọ rò ó, ọ̀rọ̀ ọmọ ni kí o mú wọlé.

Ọlọ́jà ni wọ́n, ìyá wa. Ẹni tó jí yín yẹn, ẹ má wo ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí láyà, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ìpín nínú ohun tó bá tà ló fi ń gbowó oṣù. Mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà ní tirẹ̀: níbi tó pọ̀, ìwé ló ń sọ iye wákàtí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà. Bí ìwé bá ní wákàtí méjì ni páàdì àti dísíìkì, tó sì parí rẹ̀ ní àádọ́ta ìṣẹ́jú, owó wákàtí méjì ni yóò gbà. Bí bóòtù bá dípẹtà tó fi bá a jìjàkadì títí di ìrọ̀lẹ́, owó wákàtí méjì náà ni. Ẹni tí wọ́n ní kó wá àìsàn ọkọ̀ yín kiri ni yóò jẹ nínú ohun tó bá rí. Díílà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èrè orí ọkọ̀ tuntun kò tó ohun tí ẹ rò. Yàrá tí wọ́n ti ń fọwọ́ síwèé gbèsè àti ìdí káńtà tí mo dúró sí, ibẹ̀ ni ẹran wà. Sáfíìsì ọ̀fẹ́ ọdún méjì tàbí 25,000 máìlì tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ra Camry yẹn, kí ẹsẹ̀ yín lè mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kan. Ìyá àgbà kan wà, ọmọ Iléṣà, bó ṣe gbọ́ mi lórí fóònù ló fi mọ̀ pé Yorùbá ni mí. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gba kọ́kọ́rọ́ òun mọ́. “Ọmọ mi, ohun tó o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe.” Mọ́ínmọ́ín ló máa ń gbé wá fún mi. Ọjọ́ kan ní ìparí oṣù, iye tí mánéjà ní kí n tà kò tíì pé, ni mo bá ta fífọ ínjẹ́kítọ̀, ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, fún màmá, 189 dọ́là. Ọkọ̀ wọ inú lọ tán kí n tó wo àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà: èmi kan náà ni mo ta irú rẹ̀ fún un ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo lè sáré lọ dá wọn dúró. Mi ò lọ. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ó yá, bébà yín. Nísàlẹ̀ fọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì dúdú tó jọ gírísì, ẹnìkan ti fi bírò kọ ọ́ pé iwájú 6, ẹ̀yìn 7. Mílímítà tó kù lára páàdì nìyẹn, mẹkáníìkì ló wọ̀n ọ́n. Páàdì tuntun máa ń tó mílímítà mẹ́wàá sí méjìlá. Bó bá ku mẹ́ta la máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ku méjì, kí ọkọ̀ má rìn jìnnà mọ́. Mẹ́fà lẹ ní. Ẹ wò ó dáadáa, àpótí yẹ́lò ni mẹkáníìkì fi àmì sí, ìyẹn “ẹ máa ṣọ́ ọ”. Ẹnu ọlọ́jà ló kùn ún ní pupa, “ẹ ṣe é kíá”. Dísíìkì ńkọ́? Lára irin rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń tẹ “MIN TH” sí pẹ̀lú nọ́ńbà, ìyẹn ibi tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ kọjá. Ẹni tó bá ní dísíìkì yín ti tán, kó fi ìwọ̀n hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn.

Omi radíétọ̀: aláwọ̀ píǹkì tí Toyota ń lò, 100,000 máìlì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó ku ọ̀nà jíjìn. Ọ́ìlì jíà ní 60,000: ẹ ṣí ìwé sáfíìsì tó bá ọkọ̀ wá, ẹ óo rí i pé ọkọ̀ tó ń fa tírélà tàbí tó ń ru ẹrù sórí òrùlé ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo mọ àwọn mẹkáníìkì gidi tó ní kí èèyàn pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, pàápàá nínú ooru Texas, mi ò sì ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ lè fara balẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Fífọ ínjẹ́kítọ̀ kò sí nínú ìwé yẹn rárá. Ẹ ti mọ ìtàn tèmi lórí ìyẹn.

Fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, 30,000 máìlì ni, nítorí náà bí ẹ kò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀ láti 30,000, ó tó bẹ́ẹ̀. Fílítà AC ni èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ ṣí àpótí iwájú tí ẹ ń kó ìwé sí, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kékeré kan ni ẹ óo rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fà á jáde, ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́, kó kọjú síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì lè ṣe é kí ìrẹsì tó jinná. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò ju bíi ogún dọ́là lọ.

Síbẹ̀, ẹ má torí tèmi sọ pé irọ́ ni gbogbo pupa. Bàbá kan wà tó ti gbọ́ pé ẹ̀tàn ni gbogbo wa. Mo pè é pé páàdì ẹ̀yìn rẹ̀ ti tán, ó ní “ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀”, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó lọ. Mo ti lọ wo abẹ́ ọkọ̀ náà fúnra mi: irin ti ń jẹ irin, ojú dísíìkì rí bí àwo orin tí wọ́n fi ìṣó ya. Ká ní mo gbé bàbá yẹn wọ inú lọ tó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kì bá ti lọ. Àwa ni a kì í fẹ́ kí oníbàárà dé abẹ́ ọkọ̀. A máa ń ní ìnṣọ́ránsì kò gbà. Fọ́tò ńkọ́? Gbogbo mẹkáníìkì ló ní fóònù lápò.

Nítorí náà, bí ẹ bá padà lọ, ẹ má bá wọn jà. Ẹ bi wọ́n pé mílímítà mélòó ló kù, àti pé ojú ìwé wo nínú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo wà nídìí káńtà, ẹni tó bá béèrè ìkejì yẹn, èmi fúnra mi ló máa ń gé àkójọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ tà fún un kúrú. Kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀yà tí wọ́n bá tú.

Ọ̀rọ̀ méjì kù. Wọ́ráńtì ẹ́ńjìnnì àti jíà yín, 60,000 máìlì ni, ó ti tán. Kódà ká ní kò tíì tán, láti 1975 ni òfin Magnuson-Moss ti wà ní Amẹ́ríkà: wọn ò lè fagi lé wọ́ráńtì yín torí pé mẹkáníìkì àdúgbò ló pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ ṣáà máa kó rìsíìtì pa mọ́. Èkejì, ẹ tẹ nọ́ńbà VIN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, sórí ìkànnì ayélujára NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ ti pe ọkọ̀ yín padà fún àtúnṣe kankan. Ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ díílà.

*“Ẹ̀gbọ́n, Sátidé la ra RAV4 ní Maryland. Ọ̀gá inú yàrá ń ṣí ìwé, mo ń fọwọ́ sí i. Ìgbà tí a délé la rí i pé wọ́n ti fi wọ́ráńtì àfikún 2,900 dọ́là kún gbèsè. Ọ̀rẹ́ mi ní òfin fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá ọkọ̀ padà. Ọ̀la ló pé mẹ́ta.” — Bàbá Ayọ̀, Maryland*

Ọ̀rẹ́ yín ṣì í. Òfin ọjọ́ mẹ́ta ti ìjọba àpapọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ti ọjà tí wọ́n gbé wá bá yín nílé ni, tàbí tí wọ́n tà ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ rà ní ilé díílà kò sí níbẹ̀. Tiyín ni RAV4 náà.

Wọ́ráńtì àfikún yẹn ni ẹ lè gbà padà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “cancellation” sí nínú ìwé rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn a máa dá gbogbo owó padà bí ẹ bá tètè dé, ìdá kan bó bá ti pẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú un lọ fúnra yín, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Wọn yóò ní mánéjà kò sí. Ẹ jókòó. Ọ̀dọ̀ báńkì tó yá yín lówó ni owó náà yóò gbà lọ, nítorí náà owó oṣooṣù lè má dín. Òpin gbèsè ni yóò tètè dé.

Tó bá di ìgbà mìíràn, ẹ ti gba iye èlé lọ́wọ́ báńkì tàbí kírẹ́díìtì yúníọ̀n (ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń yáni lówó) tiyín kí ẹ tó wọ yàrá yẹn. Díílà lè bù díẹ̀ lé èlé tí báńkì bá fún un, kó sì jẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní iye kan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ á rọ̀.

*“Bọ̀dá, mo fẹ́ ra Corolla tòkúnbọ̀ 2010 ní Ìbàdàn níbí. 64,000 máìlì ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní mẹkáníìkì òun lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni kí n wò?” — Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Mọ́kọ́lá*

Àbúrò, mẹkáníìkì ọ̀fẹ́ yẹn ni kó o kọ́kọ́ yọ kúrò. Mú tìrẹ, sanwó fún un kó tó wo ọkọ̀, yálà o rà á tàbí o ò rà á. Bí ẹni tó ń tà bá fún òun náà ní kọ́míṣọ̀n lẹ́yìn rẹ, ọ̀rọ̀ Houston la tún padà sí yẹn.

Nọ́ńbà VIN wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú lọ́wọ́ òsì, àti lára òpó ilẹ̀kùn ẹni tó ń wakọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀. Ka ìkẹwàá: A ni 2010, bó bá jẹ́ 9, 2009 ni wọ́n ń tà fún ọ. Kí VIN ti gíláàsì má yàtọ̀ sí ti òpó ilẹ̀kùn. Fi nọ́ńbà náà ra ìwé ìtàn ọkọ̀ lọ́dọ̀ Carfax, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìtàn ọkọ̀ jọ. Ìdí rẹ̀ rèé: níbi tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wọlé sáfíìsì, a máa ń kọ iye máìlì sílẹ̀, á sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí káńtà kan bá ti kọ 118,000 ní 2018, ti 64,000 yìí di ìtàn ìjàpá. Wo rọ́bà bíréèkì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, wo ibi tí ọwọ́ ń di sítíárìn mú. 64,000 kì í jẹ rọ́bà dé irin.

Lẹ́yìn ìyẹn, fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, gbogbo wọn. Oṣù kẹjọ 2017 ni omi ìjì Harvey bo Houston, àìmọye ọkọ̀ ló rì, wọ́n sì ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo. Wọ́n lè fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè pààrọ̀ àga. Ìdí bẹ́líìtì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Mo lọ wo Highlander kan fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọ́dún tó kọjá. Ó ń dán bí ojú ìyàwó. Mo fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn dé ìdí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ọwọ́ kan tí ẹrẹ̀ gbígbẹ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi èékánná họ ọ́, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á wò ó, ó wò mí. Ó ní eruku ọyẹ́ ni.

Mo kí i, mo ní kó ṣe é ní pẹ̀lẹ́, mo sì jẹ́ kí bẹ́líìtì náà padà wọlé.