Ẹ Bi Wá: Ẹran Itan fún Ihò Àyà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n yọ jẹjẹrẹ ọmú fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú ojú ibẹ̀. Egbò náà kọ̀ kò jinná, egungun ìhà méjì sì ti bàjẹ́. Dókítà ní àwọn yóò gé ibẹ̀ kúrò, àwọn yóò sì fi ẹran itan dí i. Kí ló dé tí wọn ò kàn rán an pọ̀?
Òǹkàwé kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ìtànṣán máa ń dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú awọ. Bí wọ́n bá fà á pọ̀ rán, yóò tún ya ni. Ẹran tó ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni ibẹ̀ ń fẹ́. Ẹran ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ abíyá, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò, torí ó ṣeé yí wá síwájú láìjá iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé lò, tàbí tí kò tó ihò náà dí, itan ló kàn. Ti itan, wọn yóò gé e kúrò níbẹ̀ pátápátá pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹran itan yìí ni wọn yóò so mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun àárín àyà. Kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 ní fífẹ̀. Abẹ́ maikirosikóòpù ni wọ́n ti ń rán an, òwú rẹ̀ sì tín-ín-rín ju irun orí lọ. Tó bá jẹ́ egungun ìhà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló lọ, wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀n tì í lẹ́yìn kí àyà má baà máa wọnú bó bá ń mí. Ti egungun 2 lè má nílò rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti gé ẹran lára itan, tí kò bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, sábà máa ń ṣeé rán pa. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọn yóò lẹ awọ mọ́ ọn.

Wákàtí 48 àkọ́kọ́ ni ká ṣọ́ra fún jù, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan tí wọ́n so. Bí ẹran náà bá funfun tó sì tutù, ẹ̀jẹ̀ ò wọlé. Bó bá wú, tó ń dúdú bí àyìnrín, ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Èyí ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́: láàárín wákàtí díẹ̀ ni kí wọ́n ti padà sí tíátà. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, yálà Adó ni o, Ìdó tàbí Ìbàdàn, ẹ bi wọ́n bóyá tíátà àti dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń wà lóru.

Kí ẹ̀gbọ́n yín pa áṣáà àti sìgá tì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má ró aṣọ mọ́ àyà, yóò tẹ iṣan náà pa. Lásìkò ọyẹ́, ẹ bò wọ́n dáadáa, àmọ́ ẹ má gbé ike omi gbígbóná lé e: ẹran náà kò mọ ìgbóná, yóò jó ni. Ti odó iyán, ó di lẹ́yìn oṣù 2 tàbí 3, bí dókítà bá gbà.